Ìwé Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Radko

Radko, ọmọ ọmọ mi,
lọ́la ni mò ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Plovdiv.
Wọn óò la orúnkún mi, wọn óò tún un tò.
Ọjọ́ mọ́kànlá, bóyá méjìlá.
Ọwọ́ rẹ ni Ṣáró wà.

Oúnjẹ rẹ̀ wà nínú agolo lábẹ́ àtẹ̀gùn,
o mọ ìyẹn.
Ohun tí o kò mọ̀ ni mo ń kọ yìí.

Bí àrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán lẹ́yìn Òkè Àgbà,
ajá yìí á ti gbọ́ ọ kí ìwọ tó rí ìkùukùu.
Á wọ abẹ́ tábìlì, á máa gbọ̀n,
itọ́ á máa kán lẹ́nu rẹ̀.
Má rẹ́rìn-ín. Má sì fà á jáde.

Ìgò kékeré kan wà lókè ibi ìdáná,
bàbá rẹ àgbà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ "lafẹ́ńdà" sí i lára.
Òun ló sè é nínú ìkòkò bàbà,
ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó lò kẹ́yìn láyé.
Ó kù díẹ̀ kó tán,
ṣùgbọ́n kì í ṣe ahun ló ń ṣe mí
tí mo fi ní kí o ṣọ́ ọ lò.

Imú ajá kì í ṣe imú tiwa.
Níbi tí àwa ti gbọ́ òórùn ọbẹ̀,
òun ti gbọ́ iyọ̀, ó gbọ́ àlùbọ́sà,
ó gbọ́ ọwọ́ ẹni tó sè é,
àti ìjà tí ẹni náà bá ọkọ rẹ̀ jà láàárọ̀.
Ohun tó ń ta sánsán sí ọ,
ariwo ni nínú imú rẹ̀.

Èmi náà kò mọ̀ nígbà kan.
Ọdún tí a sin Nayden, eégbọn bo Ṣáró.
Tsonka fún mi ní òróró igi tíì:
"Fi pa á lára, ohun àdáyébá ni."
Mo dà á sí i lẹ́yìn bó ṣe wà, láìlà á.
Kí ilẹ̀ tó ṣú,
ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bíi ti ọ̀mùtí.
Tsonka ń wa ọkọ̀, ó ń sunkún.
Èmi kò sunkún. Èémí ajá ni mò ń kà.
Dókítà Velichkova kò bú mi.
Ó wẹ̀ ẹ́ lọ́ṣẹ, ó fa omi sí i níṣan,
ó wá wò mí lójú:
"Ìyá, májèlé náà, àdáyébá ni."

Nítorí náà, kọ́kọ́ pè é kí o tó lò ó, má dúró dìgbà tó bá bàjẹ́.
Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà.
Tó bá gbà, ẹ̀kán kan nínú abọ́ omi gbígbóná,
kan, Radko, kò gbọdọ̀ di méjì,
kí o gbé e sókè níbi tí ẹnu rẹ̀ kò lè dé.
Kò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kan oúnjẹ.
Lé ológbò Tsonka jáde, ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ kò lè gbà á.
Kí o sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.
Bó o gbàgbé gbogbo ìyókù, má gbàgbé ilẹ̀kùn.
Bí ajá bá dìde tó jáde, ó ti dá ọ lóhùn.
Bó bá ń sín, tó ń fi imú ha kápẹ́ẹ̀tì,
da omi náà nù.

Ní oṣù kẹfà tó kọjá, àrá sán lóru,
ìdérí ìgò náà há, n kò rí i ṣí.
Mo bá tẹ̀ kọ́ọ́kọ́ wọ abẹ́ tábìlì, mo jókòó tì í.
A ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè ni, òórùn oko ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Ó gbé àgbọ̀n lé itan mi, ó sùn.
N kò lè dìde títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí ìgò náà bá tán, má ra òmíràn.
Orúnkún tìrẹ ṣì ń ṣẹ́.
Kí lo rò pé mò ń lọ tún tèmi ṣe fún?