Omi Tó Gbàgbé Láti Dì

Ní Nemuro, níbi tí ilẹ̀ Japan ti na ìka sínú òkun,
aago mẹ́ta òru ni Isogai máa ń dé ilé yìnyín.
Kì í kí èmi tí mo ń kọ iye àgbá sílẹ̀.
Páìpù ló máa ń kọ́kọ́ kí:
á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e
bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

“Shizue, rọra rìn.
Omi inú ibí ti tutù kọjá ibi tó yẹ kó ti dì.
Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un ni.”

Omi tí kò léèérí, omi tí kò gbọ̀n,
omi tó dé ẹnu ọ̀nà yìnyín tí kò kan ilẹ̀kùn,
ó ti fi ìwọ̀n méjì rì sísàlẹ̀ òdo, ó ṣì ń ṣàn,
bí ajigbèsè tó ń rẹ́rìn-ín káàkiri ọjà.

Lọ́dún tó kọjá, sípánà bọ́ lọ́wọ́ Wataru.
Kọ̀ọ́!
Ìró kan ṣoṣo.
Kó tó nawọ́ gán an, páìpù ti di òkúta látòkèdélẹ̀.
Ọkọ̀ mẹ́sàn-án gúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà,
ẹja sanma ń fi ojú tó ti ṣú wò wá,
owó wọn já wálẹ̀ ju sípánà lọ.
Isogai ò bú u.
Ó kàn fi okùn so sípánà mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́.
Mo rí okùn yẹn lánàá. Ó ti gbó.

Báyìí, ohùn kan wà tí etí ènìyàn kì í gbọ́.
Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń sọ ọ́ sómi létí
lẹ́yìn tó bá ti jáde nínú páìpù, lókè àgbá gan-an:
ọ̀rọ̀ kan péré,
omi á sì rántí.
Kì í ṣe yìnyín olórí kunkun tó ń ha ẹja lára.
Bí ẹ̀kọ mímu ló ṣe ń dà, funfun, ó ki,
ó ń wọ abẹ́ lẹbẹ, ó ń wọ ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́,
kò sí kọ̀rọ̀ tí kò yà.
Ẹja tó ti kú látàná
ń wojú ẹni bí ẹni fẹ́ bèèrè ọ̀nà.

Ilẹ̀ mọ́, mo délé.
Ọkọ mi bi mí pé ṣé kò sí o.
Mo ní kò sí.
Mo rọra gbé ife tíì sórí tábìlì,
mo fi ìka gbá ìdí rẹ̀ mú
kó má baà dún.