Kẹ̀kẹ́ Wietske

Wietske kọ ṣéènì sílẹ̀, ó ra oníbẹ́líìtì.
Ṣòkòtò funfun rẹ̀ kò mọ gírísì mọ́.
Kẹ̀kẹ́ ń lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ológbò lórí ẹní,
títí arúgbó kan fi fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí afárá Groningen:
“O ò lẹ́nu ni?”

Ìjì òkun dojú kọ ọ́, bátìrì tì í lẹ́yìn.
Àmọ́ àtẹ̀gùn ilé, àjà kẹta!
Ohun tó gbé e wálé ló tún gbọ́dọ̀ gbé gòkè,
kílò mẹ́tàlélógún, lálaalẹ́.

Geert atúnkẹ̀kẹ́ṣe wo bẹ́líìtì, ó mí kanlẹ̀:
“Bí èyí bá já, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ṣéènì ńkọ́? Kí o tó mu kọfí tán.”

Kò tíì já.
Ṣùgbọ́n lóru òjò, ó yọ ṣéènì àtijọ́ lára ìṣó,
ó gbé e sí imú:
òróró, ìpẹtà, ọdún mọ́kànlá.