Orúnkún Bàbá Mi

Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kí n ṣá gbá abẹ́ rẹ̀.
Mo ń gbá a. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbá a.
Àwòrán náà ga ju ilẹ̀kùn ààfin lọ:
ọba lórí ẹṣin dúdú,
ẹ̀wù irin ń kọ mànà bí odò Pó lọ́sàn-án gangan.
Àlejò á ti Fẹrára dé, á ti Mílánò dé, á ṣí fìlà:
"Ẹ wo bó ṣe di ìjánu mú! Akin ni."

Ẹnu a máa yún mi.

Ọba Ermindo kò gun ẹṣin kankan lọ́dún náà.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sómi,
ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e lọ síbi àdúrà.
Ó ránṣẹ́ pe Sanóbì ayàwòrán:
"Yà mí bí ẹni tó ti ojú ogun bọ̀."
Ogun wo? Ta ní í bi ọba?

Sanóbì wá sílé ẹṣin, ó wò wá yíká,
ó nàka sí Baldino bàbá mi, tó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin:
"Ìwọ. Gíga yín dọ́gba."
Wọ́n gbé irin ọba wọ̀ ọ́.
Ó há a láyà, ó ṣò níkùn: ọba a máa jẹun.
Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ló fi jókòó sórí pákó tí wọ́n dì ní gàárì,
nítorí ẹṣin gidi kì í dúró kí ọ̀dà gbẹ.
Lálẹ́, ìyá mi a fi ọtí kíkan ra á léjìká.
Èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo bi í:
"Bàbá, báwo ni jíjẹ ọba ṣe rí?"
Ó ní, "Ẹ̀yìn ń yún mi, n kò sì lè họ ọ́."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọba yọjú, ó gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.
Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo tó ní nìyẹn.
Kí oòrùn tó kan fèrèsé, wọ́n ti ya ojú, irùngbọ̀n, adé.
Orí ọba. Ọrùn bàbá mi.

Mọ̀rẹ́là ẹṣin nìkan ló jẹ́ ara rẹ̀ látòkè délẹ̀.
Ẹ wo etí rẹ̀, ó yí i sẹ́yìn, ó ń gbọ́ ohùn ẹnì kan.
Kì í ṣe ohùn ọba.

Wọ́n ní bí ẹṣin bá dáni, à tún un gùn ni.
Ẹṣin kan dá bàbá mi lọ́dún kẹta; kò tún un gùn.
Ọba náà kú, wọ́n gbẹ́ òkúta funfun fún un.

Ẹ wo ọwọ́ òsì yẹn:
àtàǹpàkò sá sábẹ́ ìka,
bí ti ẹni tí ẹṣin ti gé jẹ rí.
Ẹ wo orúnkún, bó ṣe fara ti ẹṣin jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ tí kò bá sí àlejò, mo máa ń gun àpótí,
mo máa ń fi etí aṣọ mi nu ibẹ̀ nìkan.
Lánàá, olùtọ́jú ààfin dúró, ó fẹjú:
"Nẹ́ńsíà, kí ló dé tí orúnkún ọba ń dán ju ojú rẹ̀ lọ?"
Mo ní eruku ló máa ń pọ̀ níbẹ̀.