Àgbébọ̀ Inú Píkọ́ọ̀pù

Delfor, mo ti fọ kábúrétọ̀ rẹ nínú ìkòkò tí mo fi ń se ọbẹ̀.
Má bi mí bóyá inú mi dùn sí i.
Láti ọjọ́ tí o ti fa ọkọ̀ bàbá rẹ jáde lẹ́yìn ọgbà adìẹ,
kò síbi tí a lè jókòó sí nínú ilé yìí mọ́:
púlọ́ọ̀gì mẹ́fà tò sójú fèrèsé bí ọmọ iléèwé,
bíríńgì kún ife tíì,
ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan fara ti ògiri yàrá wa,
bí mo bá ta jí lóru, n ó rò pé àlejò ni.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi jókòó sínú afẹ́fẹ́ Patagóníà,
afẹ́fẹ́ tí í já fìlà lórí àgbà tí kì í bẹ̀bẹ̀.
Ìpatà jẹ abẹ́ rẹ̀ títí èèyàn fi lè jókòó sídìí sítíárì
kí ó máa fẹsẹ̀ tẹ koríko.
Bàbá rẹ fi kó àgùntàn, ó fi kó irun àgùntàn,
ó fi gbé ìyá rẹ lọ sí Esquel nínú yìnyín lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí ọ.
Ìyá rẹ ní irọ́ ni. Ó ní ọkọ̀ oníléńtà ló gbé òun.

Oṣù kan gbáko, ẹsẹ̀ rẹ nìkan ni mo ń rí lábẹ́ ọkọ̀ yẹn.
Ìgbà tó yá, o ra bátìrì tuntun,
o wẹ ọwọ́ rẹ, èyí tí o kì í ṣe,
o ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì,
àgbébọ̀ pupa nìyẹn, ó bà lé ẹyin mẹ́sàn-án
níbi tó yẹ kí bátìrì jókòó,
ó wò ọ́ bí onílé ṣe ń wo ayálégbé tó jẹ gbèsè.

Mo ń retí ariwo.
Ìwọ tí o kì í lè dúró kí omi hó!
O rọra pa ìdérí náà dé,
o fi igi há a lẹ́nu kí atẹ́gùn lè wọlé,
o ní, “Ó dáa. Ọjọ́ mọ́kànlélógún.”

Ọwọ́ tí kò ráyè kan ẹ́ńjìnnì bá wá iṣẹ́ mìíràn.
Eluned Pugh gbé ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ wá láti òdìkejì odò,
iná ń ta pàrà títí di ọ̀gànjọ́.
Ẹ̀yìn ọkọ̀ di pákó,
pákó ilẹ̀ gbọ̀ngàn ijó tí wọ́n wó,
ibi tí o ti tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó sọ orúkọ rẹ fún mi.
O po ọ̀dà ilẹ̀kùn iléèwé mọ́ ti ọkọ̀ ojú omi,
o fi èyí tó kù nílé apẹran lé e.
Eluned ní ewé tó rọ ni.
Mo ní ẹ̀dọ̀ màlúù ni.
O ní, “Àwọ̀ ọkọ̀ mi ni.”

Méje pa nínú mẹ́sàn-án.
O fi fìlà rẹ kó wọn jáde, ìyá wọn sọ ọ́ lọ́wọ́.
O yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ wúkọ́,
ó rú èéfín, ó tún wúkọ́,
ó wá gbéra.

Gbogbo ohun tí í mú ọkọ̀ lọ ni o tún ṣe, Delfor.
Ti bíréèkì, o ní ó di ọ̀la.
Ó gba abẹ́ okùn aṣọ mi kọjá, ó ru aṣọ ibùsùn mẹ́ta lórí bí ìyàwó,
ilé adìẹ ló tó dá a dúró.

Lálẹ́ yẹn, àwọn adìẹ tí kò nílé mọ́ sùn sẹ́yìn rẹ̀
lórí pákó ijó wa.
Ìwọ jókòó síwájú, iná kan ṣoṣo ń tàn,
o ń ka àwọn ibi tó tún ti tẹ̀ wọnú.
Mo da bíríńgì kúrò nínú ife,
mo bu tíì sí i, mo gbé e wá bá ọ.