Sísín Ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún

Ní abúlé wa, ní Kamitani, wọ́n ní
bí o bá sín lẹ́ẹ̀kan, ẹnìkan ń yìn ọ́ níbìkan;
bí o bá sín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń bú ọ;
ẹ̀ẹ̀kẹta, olólùfẹ́ ń dárúkọ rẹ;
ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọ̀fìnkìn ni, lọ wá aṣọ bora.
Wọn ò sọ ìtumọ̀ ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún fún mi.
Wọn ò sọ ti ìkọkàndínlógún.

Lóṣù Kejì ọdọọdún, bí yìnyín bá ti ń yọ́ lórí òrùlé,
imú mi a di ẹnu ẹ̀rọ omi tí wọn ò tì pa.
Tokuji ọkọ mi a ká tìmùtìmù rẹ̀,
a gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìrẹsì:
“Mitsuyo, má bínú, n ò fẹ́ kó ràn mí.”
Mo bi ara mi: ọ̀fìnkìn wo ló ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá?
Mo dákẹ́. Mo ń se omi atalẹ̀, mo ń mu ún.
Ọdún mọ́kànlélógún la fi sùn báyìí,
ògiri pákó láàárín, èmi ń sín, òun ń hanrun.

Ọdún yìí ni ọmọ Kurahaṣi gba ilé oògùn bàbá rẹ̀,
ọmọbìnrin oníbàtà pupa, tí kì í yára sọ̀rọ̀.
Kò kọ́kọ́ wo pẹpẹ oògùn. Ojú mi ló wò.
“Ìyá, ṣé ojú ń yún yín?”
Ojú ń yún mi, ọmọ; ọwọ́ ń yún ojú, ọwọ́ ń bọ̀,
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀.
“Ibà ńkọ́? Ara ríro?”
Rárá.
“Ikun yín, ṣé ó ki?”
Mo tijú. Mo ní ó mọ́ gaara bí omi kànga.
“Lọ́jọ́ òjò ńkọ́?”
Mo ronú. Lọ́jọ́ òjò, mo máa ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀.

“Ọ̀fìnkìn mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, ìyá.
A mú ọ̀fun ro, a kó ara rírẹ̀ wá,
kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó sábà máa ń di ẹrù rẹ̀.
Tiyín kì í ṣe àlejò. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e bọ̀.
Ẹ wo òkè yẹn.”

Mo wo òkè. Igi kédárì, ìlà lórí ìlà,
èéfín aláwọ̀ ìyeyè ń dìde láàárín wọn láìsí iná.
Mo mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí òkè náà pá,
bàbá mi ń gbẹ́ ihò, èmi ọmọ ọdún mẹ́fà
ń gbé ọ̀gbìn tẹ̀lé e nínú apẹ̀rẹ̀,
èyí tó ga jù nínú wọn kò dé orúnkún mi.
Ó ní, “Ìwọ̀nyí ni yóò kọ́lé fún àwọn ọmọ rẹ.”
Àwọn ọmọ mi ń gbé ilé kọnkéré ní Nagoya.
Ẹnikẹ́ni ò wá gé igi.
Imú ni wọ́n fi ń kí mi lọ́dọọdún.

“Ṣé ó ń ràn?” ni mo bi í.
“Kò lè ran ẹnikẹ́ni.”
Mo sọ fún Tokuji. Kò fèsì.
Lóru, mo gbọ́ tó ń wọ́ tìmùtìmù bọ̀ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kò pé oṣù kan, òun ló sín láàárọ̀:
ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó dúró.
Iwájú orí rẹ̀ gbóná. Ikun rẹ̀ ki bí ògì ìrẹsì.
Ó na ọwọ́ sí tìmùtìmù, ó fẹ́ ká a.
Mo jókòó lé e.
Kó ràn mí. Mo ti mọ ìyàtọ̀.