Ife Omi Kan

Wọ́n ní kí n wá bá wọn jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
àjà kẹrin, ilé gíláàsì tó dojú kọ odò Tay,
èmi Geddes tí n kò dé inú yunifásítì rí
àfi ìgbà tí a lọ tún òrùlé ibẹ̀ ṣe.
Wọ́n fi bébà lé mi lọ́wọ́: ìbéèrè méje,
àpótí kéékèèké márùn-ún níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Shona tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní,
"Jọ̀ọ́, má bi wọ́n ní ohun tí kò sí nínú ìwé."
Mo ní ó dáa.
Ẹrẹ̀ gbígbẹ ń já bọ́ láti bàtà mi sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn.

Fergus Lyall ló kọ́kọ́ wọlé.
Kóòtù rẹ̀ ṣì ní ìlà ibi tí wọ́n ti ká a ní ṣọ́ọ̀bù,
ó rẹ́rìn-ín sí wa bí ẹni tó ti fi dígí dánra wò.
"Kí ni àléébù rẹ?"
"Mo máa ń ṣiṣẹ́ jù."
Shona sàmì.
Mo wo ojú fèrèsé: kéréènì kan ń yí díẹ̀díẹ̀
lórí ibi tí ilé ìkẹ́rù àtijọ́ wà.
Ẹni tó jókòó sókè lọ́hùn-ún,
kò sẹ́ni tó bi í ní àléébù rẹ̀ rí.

Ẹni karùn-ún ni Morven Petrie.
Bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀ láti Fraserburgh.
Ó ti fi fáìlì rẹ̀ sábẹ́ kóòtù kí òjò má bà á,
òun fúnra rẹ̀ ni òjò wá pa.
Ó dáhùn ìkínní, ó dáhùn ìkejì,
ó kólòlò ní ìkẹta, ó mu omi, ife ń gbọ̀n.

Ìkẹfà: "Sọ fún wa nípa ìgbà kan tí iṣẹ́ rẹ kùnà."
Ó dákẹ́. Shona wo aago.
"Kọnkéré ni," ó ní. "Ọdún kẹta wa, nínú yàrá ìdánwò.
Àpótí irin mẹ́ta la rọ kún. Èmi ni mo ń wọn omi.
Òtútù mú, àpòpọ̀ náà le, apá ń ro mí,
ni mo bá bu ife omi kan sí i. N kò kọ ọ́ sílẹ̀.
Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ,
ó rún bíi bísíkíìtì.
Olùkọ́ wa ní bóyá símẹ́ńtì ló ti bàjẹ́.
Gbogbo ẹgbẹ́ mi gbà. Èmi náà gbà
fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.
Lẹ́yìn náà ni mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀."

"Kí lo wá rí kọ́?" Ó wà nínú ìwé.
"Pé ọ̀sẹ̀ kan ti pẹ́ jù."

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn
nípa àtẹ̀gùn ilé ìwé tí a rọ ní Arbroath,
ọdún kẹtàdínlógún mi lẹ́nu iṣẹ́,
bí mo ṣe ní kí awakọ̀ bomi sí i, kó yá,
ká lè tètè dé ilé wo bọ́ọ̀lù.
Kò wó.
Bí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń dúró
ka àwọn ọmọ tó ń gùn ún.
Lánàá, mọ́kànlélógójì.

Shona sàmì sí àpótí kejì.
Mo yọjú wo ohun tó kọ: *kò dá ara rẹ̀ lójú.*
Mo sàmì sí ìkarùn-ún, bírò já bébà.

Ìkeje: "Ṣé o ní ohun tí o fẹ́ bi wá?"
Ó wo bàtà mi, ó wo ẹrẹ̀ tó yí i ká.
"Níbí," ó ní, "ta ló ń wọn omi?"

Shona yíjú sí mi.
Èmi ni, mo wí,
ohùn mi sì ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.