Àmì Abẹ́ Orúkọ

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Mọ́kọ́lá la wà,
àwa mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ kan, omi inú ọ̀rá.
Iṣẹ́ wa ni ká kọ́lé tí kò ní bíríkì fún káńsù:
ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ilẹ̀kùn á ṣí,
kò sí akọ̀wé tí yóò ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́la.

Alága fẹ́ kí àwòrán òun gba gbogbo iwájú ilé.
A gbà. Ó ní ká má gé fìlà òun. A ò gé e.
Ìdajì owó ló kù; kò tíì dé títí dòní.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Alàgbà Oyèkànmí gun àtẹ̀gùn wá,
ó ń mí hẹlẹhẹlẹ,
ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun lábíyá rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń kọ ọ́,
ó ku oṣù kan kó fẹ̀yìn tì.
“Ẹ jẹ́ n fi ọmọ kan wo ilé yín.”
Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́,
bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì:
Ọ̀ṣọ́.
Àpótí náà pọ́n. Ó ní orúkọ kò péye.
Ó tún un tẹ̀. Ó tún pọ́n.
Mo ní, “Bàbá, ẹ yọ àwọn àmì yẹn kúrò, yóò gbà á.”
Ó yọ wọ́n. Ó ku OSO.
Kíá, àpótí di àwọ̀ ewé.

Bàbá wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀.
“Ìyá kan rọbí mọ́jú ní Adéọ̀yọ́,
ó bímọ tán, ó ní ọ̀ṣọ́ ara òun rèé.
Ṣé èmi ni n ó wá sọ ọ́ di oṣó nínú ìwé ìjọba?”

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti fẹ́ rín in,
ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu:
Odejide ló wà lára káàdì ọrùn mi,
ọdẹ tó ti di òde láti ọjọ́ yìí,
n kò sì fura.

Ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi.
Lóru, mo fọwọ́ ra ẹ̀yìn ojú ewé kan:
ó ti tẹ kókó kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀
débi pé wọ́n yọ sí òdì kejì bí ọkà bàbà.

Aago mẹ́rin kọjá, epo ti fẹ́ tán.
Mo tẹ Ọ̀ṣọ́. Àpótí gbà á.
Mo tẹ Ọdẹ́jídé tẹ̀lé e,
mo wò ó fún ìgbà díẹ̀,
mo pa á rẹ́,
nítorí bàbá mi kì í ṣọmọ tuntun.